Ìgbésí Ayé Màmá Má-Parẹ́, Ẹni Tó Kọ́ Àwọn Ọmọ Ní Wíwò (1947–2024)

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 1947 ni wọ́n bí Màmá wa, nínú yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn. Bàbá ń tún aago ọwọ́ ṣe. Ìyá jẹ́ tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké. Màmá ni ọmọ kejì nínú márùn-ún, àwọn sì ni obìnrin àkọ́kọ́. Ìdílé náà kì í ṣe ti olówó, kì í sì í ṣe ti aláriwo. Bàbá lè jókòó láti àárọ̀ dọ̀sán pẹ̀lú awò kékeré lójú kan, kí wọ́n má sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Abẹ́ tábìlì yẹn ni Màmá ti ṣeré dàgbà. Wọ́n máa ń ṣa àwọn irin kéékèèké tó bá já bọ́, wọn a sì tò wọ́n bí wọ́n ṣe tóbi sí.

Ní 1953 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún kẹrin, tíṣà kan kọ ọ́ sójú pátákó pé egungun ara èèyàn jẹ́ igba ó lé mẹ́fà. Màmá nawọ́, wọ́n bèèrè pé ta ló kà wọ́n. Tíṣà ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n tún nawọ́, wọ́n ní ṣé ẹni náà tún un kà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti lo ìyókù ọjọ́ náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí Bàbá, ẹ̀rín pa wọ́n, ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.

Ní 1969 wọ́n gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí. Máàkì wọn ga. Wọ́n kọ̀wé láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé. Ilé ìwé mẹ́ta pè wọ́n fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dá wọn padà. Ohun kan náà ni àwọn olùbéèrè bi Màmá níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: kí ni wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn wádìí rí? Kò sí. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn rí, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan nǹkan kan. Màmá sọ fún wa pé kì í ṣe dídá tí wọ́n dá àwọn padà ló dun àwọn. Ohun tó dun àwọn ni pé òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ní 1970 wọ́n gba iṣẹ́ ìfọgò ní láàbù ilé ìwòsàn ńlá kan. Ẹni tó gboyè ń fọ ìgò. Àwọn ojúgbà wọn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, Màmá sì ń fọ ìgò wọn lọ. Dókítà àgbà tó ń yẹ ẹran ara wò níbẹ̀ kíyè sí pé ìgò tí obìnrin yìí bá fọ̀ kì í ní àbàwọ́n. Ó jẹ́ kí wọ́n máa wo maikirosíkóòpù lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn yòókù bá lọ jẹun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì kan tó ń pín sí méjì lójú wọn kòròkòrò. Màmá ní àwọn gbàgbé láti mí. Wọn kò jẹun lọ́sàn-án mọ́ fún odidi ọdún kan.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1973, fírísà láàbù náà dákú. Wọ́n ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tún fìríjì ṣe. Nígbà tó dé, ó bá Màmá tí wọ́n gbé àpótí yìnyín kan mọ́ àyà bí ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí. Wọn kò kí i. Wọ́n ní, “Ohun tó wà nínú èyí, ọdún méje ni wọ́n fi kó o jọ. Ẹ ní wákàtí kan.” Àádọ́ta ìṣẹ́jú ló lò. Àwọn méjèèjì fẹ́ ara wọn ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án ọdún 1974. Oní-fìríjì ni Màmá ń pe ọkọ wọn láti ọjọ́ yẹn, níwájú àlejò pàápàá. Ọlọ́run fún wọn ní ọmọ mẹ́ta.

Dókítà àgbà náà ló kọ lẹ́tà tó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ní 1976 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé lórí àrùn kíndìnrín, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1982, ní ọmọ ọdún márùndínlógójì. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní yunifásítì. Wọ́n di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1994.

Iṣẹ́ tí a ó máa fi rántí wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1988. Màmá ní kò yẹ kí ọmọ kankan tún dé iwájú àwọn olùbéèrè wọ̀nyẹn lọ́wọ́ òfo. Wọ́n bẹ yunifásítì fún yàrá kan. Wọ́n fún wọn ní yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ṣẹ́ sí, tó ní fèrèsé méjì. Lọ́dọọdún wọ́n ń mú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ tí kò tí ì gba oyè àkọ́kọ́. Ọdún méjì ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń lò lọ́dọ̀ wọn. Yóò bi ìbéèrè tirẹ̀, yóò ṣe ìwádìí tirẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì, yóò dúró níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé láti ṣàlàyé ohun tó rí, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá fi máa gboyè, yóò ti mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà wu òun tàbí kò wu òun.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kò ju wíwò lọ. Màmá a gbé sẹ́ẹ̀lì sábẹ́ maikirosíkóòpù, wọn a fún ọmọ ní pépà àti báírò, wọn a ní kó ya ohun tó rí. Gbogbo wọn ló máa ń ya èyí tó wà nínú ìwé wọn, tó rí róbótó, tó mọ́ féfé. Màmá a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọn a ní, “Èyí dára. Wá lọ ya èyí tó wà níbẹ̀.” Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Báírò nìkan ni wọ́n gbà láyè. Ẹni tó bá ṣì í kọ, kó fa ìlà kan ṣoṣo lé e kí ó ṣì ṣeé kà, kó fi déètì àti orúkọ rẹ̀ sí i. Kò gbọdọ̀ pa á rẹ́, kò sì gbọdọ̀ ya ojú ìwé. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti sọ wọ́n ní Màmá Má-Parẹ́.

Òfin kejì jẹ́ ti oúnjẹ. Sẹ́ẹ̀lì ń jẹun. Omi pupa kan ni oúnjẹ wọn, ọjọ́ méjì méjì ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Ìdílé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ìgò oúnjẹ tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ìgò kan bọ́ ìdílé méjì. Ìdí rẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, tó wà ní yàrá náà pẹ̀lú, ń yára dàgbà. Bí ẹyọ kan bá kó wọ inú ìgò, tó tibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín tó ń rọra dàgbà, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan òun nìkan ló máa kù. Ojú lásán kò sì ní tètè mọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rí sẹ́ẹ̀lì tó ń múra, a sọ jẹ́jẹ́ pé, “Ó fẹ́ pín.” Gbogbo ẹni tó wà ní yàrá a fi ohun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, wọn a tò lẹ́yìn maikirosíkóòpù. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Oní-fìríjì tò síbẹ̀ lọ́jọ́ kan tó wá yẹ fírísà wò. Ó ti rí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ láyé rẹ̀. Kò tí ì rí èyí tó ya ara rẹ̀ sí méjì, tí méjèèjì sì pé. Ó padà sídìí fírísà rẹ̀, kò sì lè rántí irinṣẹ́ tó ń wá.

Ní ti ìgbàgbọ́, Màmá kì í pa ìjọsìn jẹ, wọn kì í sì í pariwo rẹ̀. Àdúrà wọn kúrú. Kí wọ́n tó fojú sí awò, wọn a ní, “Olúwa, jẹ́ kí n rí ohun tó wà níbẹ̀. Má jẹ̀ẹ́ kí n rí ohun tí mo fẹ́.”

Ní ti àwùjọ, iṣẹ́ wọn tó pọ̀ jù ni ti àwọn òbí. Wọn a máa lọ bá wọn nílé tàbí níbi iṣẹ́ láti ṣàlàyé ohun tí oyè ọ̀mọ̀wé jẹ́. Kò rọrùn. Ní 2002 wọ́n lọ bá ìyá kan tó ń ránṣọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wà lọ́dọ̀ Màmá fún ọdún kan. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọ náà ní láàbù, nítorí pé kì í sáré, kì í sì í sọ̀rọ̀ sókè. Ìyá náà bèèrè bóyá ọmọ òun máa di dókítà tó ń fún èèyàn lábẹ́rẹ́. Màmá ní rárá, dókítà tó ń wádìí ni. Ìyá náà dá ẹ̀rọ dúró. Ó ní, “Ọdún márùn-ún sí i, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tó ti kà? Mà, ṣé orí ọmọ yìí kò gba ìwé ni?” Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí ìyá náà fi rán búláòsì méjì tán, ó sì gbà.

Ìwádìí Jẹ́jẹ́ dá lórí àrùn kan tó ń mú kí àpò omi máa wú nínú kíndìnrín. Ó rí i pé oògùn kan ń dá ìdàgbà àwọn sẹ́ẹ̀lì náà dúró. Kò sẹ́ni tó tí ì rí irú rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2003, yunifásítì ńlá kan gbà á fún oyè ọ̀mọ̀wé lórí iṣẹ́ yẹn. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́fà máa wá pinnu bóyá ètò Màmá yóò máa bá a lọ. Iṣẹ́ Jẹ́jẹ́ ni ohun tó dára jù tí Màmá ní láti fi hàn wọ́n.

Ọmọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tún-un-ṣe. Ojúṣe rẹ̀ ni láti tún iṣẹ́ àwọn yòókù ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó dúró. Ó yọ sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín tó ti pẹ́ nínú fírísà, ó sì lo oògùn náà. Oògùn kò ṣe nǹkan kan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀ ló wúwo. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Màmá fi sẹ́ẹ̀lì Jẹ́jẹ́ ránṣẹ́ sí láàbù mìíràn pé kí wọ́n bá àwọn yẹ irú sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ wò. Èsì dé ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin. Kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín rárá. Jẹjẹrẹ ni, ó sì ti tó oṣù mélòó kan.

Jẹ́jẹ́ kó báírò rẹ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kejì. Ó ní òun kò lọ sí yunifásítì náà mọ́.

Màmá jókòó ti ìwé iṣẹ́ ọmọ náà, wọ́n ń kà á padà sẹ́yìn, ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹwàá ọdún 2002, Jẹ́jẹ́ wà ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹlòmíràn ló bá a bọ́ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ẹni náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Mo bọ́ kíndìnrín àti jẹjẹrẹ. Ìgò tuntun kan. Ìgò kan fún méjèèjì. Ìkọ̀wé náà kì í ṣe ti ọmọ kankan. Ti Màmá ni. Wọ́n yẹ èyí tó wọ fírísà ṣáájú ọjọ́ yẹn wò, kíndìnrín ni. Wọ́n yẹ ti ẹ̀yìn rẹ̀ wò, jẹjẹrẹ ni.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n sọ ọ́ fún ọkọ wọn. Ọkọ wọn bèèrè pé, “Ta ló tún mọ̀?”

Màmá ní, “Èmi.”

“Kò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ tí ìgbìmọ̀ náà máa dé. Sọ fún wọn pé sẹ́ẹ̀lì dàrú. Má sọ ti ta ni. Ọmọ yẹn ṣì kéré, wọ́n á dárí jì í. Wọn ò ní dárí jì ọ́.”

Màmá wò ó bí wọ́n ṣe ń wo ohun tó wà lábẹ́ awò. Wọ́n kó àwo, wọ́n fọ̀ ọ́. Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ìyá aránṣọ ló sọ ọ́ fún wa. Màmá kò jókòó. Wọ́n ṣí ìwé náà lé orí aṣọ tí Jẹ́jẹ́ ń rán, wọ́n fìka sí ìlà náà. Wọ́n ní, “Ọwọ́ mi nìyí. Èmi ni mo ṣe é. Mo tọrọ àforíjì.” Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n fi ọdún márùndínlógójì jù lọ. Jẹ́jẹ́ ní, “Ẹ̀yin kẹ̀, mà?” Ìyá rẹ̀ ló bèèrè pé ṣé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà ń ṣe irú àṣìṣe báyìí. Màmá ní, “À ń ṣe é, mà. Iṣẹ́ wa ni ká máa wá a rí.”

Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí yunifásítì tó gbà á. Ojú ìwé mẹ́rin ni. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ó ní ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gba òun kì í ṣe òótọ́. Màmá kò tún un kọ. Déètì kan nìkan ni wọ́n bá a ṣàtúnṣe.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún ọdún 2003, Màmá gbé ìwé náà síwájú ìgbìmọ̀. Alága wọn jẹ́ oníṣẹ́ abẹ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ka ìlà náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bèèrè bóyá Màmá mọ ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe sí ètò yìí. Màmá ní, “Mo mọ̀ ọ́n, sà.” Ìgbìmọ̀ dá ètò náà dúró. Ìwé ìròyìn yọ iṣẹ́ náà kúrò. Wọ́n ti yan ọmọ mẹ́jọ fún ọdún yẹn. Màmá kọ lẹ́tà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sọ ìdí rẹ̀ àti ẹni tó fà á. Wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá náà, wọ́n sì dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Èsì lẹ́tà Jẹ́jẹ́ dé lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Kò gùn. Wọ́n ní kó máa bọ̀.

Ó lé lọ́dún méjì kí yàrá náà tó tún ṣí. Ọgọ́fà ọmọ tó ti gba ibẹ̀ kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí ìgbìmọ̀, láti ilé ìwòsàn, láti yunifásítì, láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe oògùn. Ọ̀kan tó ń ta bàtà náà kọ̀wé. Alága wọn, oníṣẹ́ abẹ àgbà yẹn, ló kọ́kọ́ nawọ́ pé kí wọ́n ṣí i. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2005, ọmọ mẹ́jọ mìíràn wọlé.

Láti ìgbà náà, ìpàdé ọjọ́ Ajé kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹnikẹ́ni rí. Àṣìṣe ló ń ṣáájú. Ẹni tó bá wà ní yàrá yóò sọ tirẹ̀. Olórí ló ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sọ tirẹ̀ láìsọ ọjọ́ tó ṣe é, wọn a bi í, wọn a sì kọ ọ́ sójú pátákó. Wọn kì í tu èèyàn nínú, wọn kì í sì í bú èèyàn. Ó kan ẹlòmíràn nìyẹn.

Màmá fẹ̀yìn tì ní 2014. Ọmọ igba ó dín mẹ́jọ ló gba ọwọ́ wọn kọjá. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún nínú wọn ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Màmá kò fẹ́ kí a máa ka àwọn wọ̀nyí láìka àwọn yòókù. Wọ́n ní ẹni tó wò ó tó sì ní kò wu òun ti rí nǹkan. Jẹ́jẹ́ padà wá ní 2012, òun ló sì gba ipò wọn.

Màmá sùn ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ọdún 2024, nílé, ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ọkàn wọn ló dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n fi ọkọ sílẹ̀ lọ, àti ọmọ mẹ́ta: obìnrin tó ń wa ọkọ̀ ojú irin, ọkùnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti àbíkẹ́yìn tó ń ṣe búrẹ́dì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé. Màmá ní kò lè jẹ́ àwọn ló máa bí wọn kó tún jẹ́ àwọn ló máa yẹ ìwé wọn wò. Ọmọ-ọmọ méje àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan, àbúrò méjì, àti ọ̀pọ̀ tí a kò bí ní ilé wa ló gbẹ̀yìn wọn.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ bèèrè bóyá ìpàdé yóò wà. Jẹ́jẹ́ ní yóò wà. Ọkọ Màmá lọ, ó jókòó lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fírísà. Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀: ó ka nọ́ńbà kan sódì. Ọmọ kan tí kò tí ì ju oṣù kan lọ níbẹ̀ ní òun gbàgbé láti ti àpótí móoru tí sẹ́ẹ̀lì ń gbé, sẹ́ẹ̀lì òun sì kú. Wọ́n bi í ní ọjọ́ tó ṣe é. Ó sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ yí yàrá ká, títí ó fi dé ìdí fírísà. Jẹ́jẹ́ fẹ́ fò ó.

Ọkọ Màmá ní, “Mo ní kó dákẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n rò pé ìwọ ni.”

Jẹ́jẹ́ kò gbọ́ èyí rí. Ọdún mọ́kànlélógún ni Màmá fi wà láyé lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò sọ ọ́ fún un, wọn kò sì dárúkọ rẹ̀ nílé. Ó mú ṣọ́ọ̀kì.

Ó ní, “Ọjọ́ wo ni, Bàbá?”

“Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún, 2003.”

Ó kọ ọ́ sójú pátákó. Ó wò ó. Ó yíjú sí àwọn ọmọ.

“Ta ló kàn?”

Ẹ sùn re o, Màmá. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Kí Ọlọ́run gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀.